Omi Kànga Yín Kò Ṣeé Mu Mọ́

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Kànga tí ẹ gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń rùn. Wọ́n kọ́ ilé epo sẹ́yìn wa lẹ́yìn tí ẹ papò dà, táńkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì ń jò. Màámi ṣì ń mu omi náà. Inú ń run wọ́n, wọ́n ní ibà ni.

Ẹ mọ̀ pé láàbù ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń yẹ omi wò. Lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi yẹ omi yín wò. Ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí nígbà náà ni pé ká fi kẹ́míkà fa epo jáde nínú omi, ká gbé e kaná títí kẹ́míkà yóò fi gbẹ, ká wá wọn ohun tó bá kù. Kò sí nǹkan kan tó kù, mo bá kọ ọ́ pé omi dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ pẹtiróòlù! Bí ẹ bá gbàgbé láti dé e, yóò ti bá atẹ́gùn lọ. Orí iná tí a gbé e kà ní láàbù ló ti fò lọ kí n tó wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ti pa ọ̀nà yẹn tì báyìí. Ìgò la ó rọ omi kún dé ẹnu, a ó dé e pinpin, a ó kó o sínú yìnyín, ẹ̀rọ tuntun ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kó ìgò wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Àṣé Màámi ti fa omi sínú àmù láti àṣálẹ́ Jímọ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ kó lè tòrò, bí ẹ ṣe máa ń ní ká ṣe fún àlejò. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n bù ú fún mi. Bí mo bá gbé ìyẹn lọ, kò ní sí pẹtiróòlù kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo dà á nù, mo fa tuntun. Háà, Bàbá, ojú tí wọ́n fi wò mí!

Èsì jáde lánàá. Pẹtiróòlù wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè mu lọ. Mo sáré wá sí Ọ̀yọ́. Màámi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ìwọ lo ní omi ọkọ mi dára. Ìwọ náà lo tún ní kò dára. Èwo ni kí n gbà nínú ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé títí, etí wọn kò gbà á. Wọ́n bu omi, wọ́n mu ún lójú mi báyìí. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí yín náà nìyẹn? Kí lẹ máa ń sọ tí wọ́n fi ń gbọ́? Orí mi gbóná. Mo bu tèmi náà, mo gbé e sẹ́nu.

Màámi gbá a dànù lọ́wọ́ mi. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n da èyí tó kù nínú omi tiwọn náà nù. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ gbé pákó wá, a sì jọ ń kàn án mọ́ ẹnu kànga. Nígbà tó ku pákó kan, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n pe orúkọ yín sínú kànga, wọ́n ní kí ẹ má bínú.

Èmi ni, ọmọ yín.