Ẹ Má Fi Fọ́tò Yín Ránṣẹ́ sí Wálé

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú àmójútó agboolé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi kì í gbà kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí Baálé wa, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí àwọn ọmọ yín àti ọmọ ọmọ yín. Ṣé wọ́n ti bá yín tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe? Èmi ò kú. Ohun tí mo lè sọ nípa ara mi nìyẹn.

Wálé ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé èmi àti ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó rán wa lọ sílé ìwé. Mo ní bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Mo sì ní bó bá kọ ọ́ tán, kó gbé e síta níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Òun náà gbé ìyá rẹ̀ síta, kò bi mí.

Òjò ò dáwọ́ dúró ní Àgùdà. Omi gọ́tà wọ yàrá mi, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù. Mo ṣì ń lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì wa ní Múṣin, mo ń tún àga àwọn tí kò lówó àga tuntun ṣe. Iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ẹ má retí nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù yìí. Mo kàn ń lọ nítorí pé ilé ò ṣeé jókòó sí. Láti ìgbà tí Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ti kú, bí mo bá wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀.

Wọ́n ní ẹ ti ra gèlè tuntun, ẹ sì ti bá onífọ́tò sọ̀rọ̀, nítorí Wálé ní òun fẹ́ fi ojú yín sínú géèmù. Ẹ dákun, ẹ má ya fọ́tò náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọ́fíìsì kan ní Yábà ni Wálé ti ń ya àwòrán. Káàdì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, inú fóònù ni káàdì náà wà. Ẹ ó ra káàdì, ojú ènìyàn tàbí ti ẹranko á wà lára rẹ̀, ẹ ó fi bá káàdì ẹlòmíràn jà. Wọ́n ní èyí tí ẹ bá rà, tiyín ni, ẹ lè tà á, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní búlọ́kíṣéènì. Bí Wálé ṣe là á yé mi, ó dà bí ìwé kan tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń tọ́jú, tí ọ̀gá kankan ò lè dá pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a sin Àṣàkẹ́ ni Wálé gbé fóònù wá bá mi. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, eèjí rẹ̀ ni, gèlè tó máa ń wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ Àṣàkẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún, inú mi sì dùn. Mo ní kó fi sórí fóònù mi, mo gbé e lọ sí Múṣin. Lásún tó ń fi aṣọ bo àga nínú ṣẹ́ẹ̀dì wa wò ó títí, ó ní Bàbá Wálé, ẹ ti wọ gàù, àṣé inú fóònù náà ni obìnrin yìí á ti máa bi yín pé níbo lẹ sùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín lẹ́yìn ìsìnkú nìyẹn. Lásún ní òun náà á wọ géèmù yẹn, kí òun lè máa rí ìyàwó wa.

Lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́, ariwo ló mú bọ̀. Ó ní òun ti na Àṣàkẹ́! Ó ní òun nà án, òun tún nà án, kí n lọ gbé ìyàwó mi nílẹ̀. Eré ló fi ń ṣe, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́. Mo wo fóònù rẹ̀. Ó fi ìka kan kàn án, ìyàwó mi ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Kò na ẹnikẹ́ni padà.

Mo délé, mo ránṣẹ́ pe Wálé, mo bi í. Ó ní àwọn ẹni tuntun kì í pẹ́ nínú géèmù náà. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ra gbogbo káàdì tó lágbára. Bí ẹni tuntun bá wọlé, wọ́n á lù ú bí ẹni lu bàrà, kò sì ní padà wá. Ni àwọn ọ̀gá bá ní kí wọ́n ṣe káàdì kan tí kò lè borí láéláé, tí ẹni tuntun á bá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó lè rí ẹni nà, kí inú rẹ̀ lè dùn, kó lè dúró. Wọ́n ní kí Wálé ya obìnrin kan tí ojú rẹ̀ tuni lára. Ó ní òun jókòó láti yà á, ojú ìyá òun ló jáde.

Àṣàkẹ́! Obìnrin tí lándílọ́ọ̀dù kó ẹrù rẹ̀ síta, tó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà, tó jókòó síbẹ̀ títí tí lándílọ́ọ̀dù fi fúnra rẹ̀ ru bẹ́ẹ̀dì wa padà wọlé. Òun ni gbogbo ayé wá ń nà kí wọ́n lè mọ eré ṣe. Mo ní kí Wálé yọ ọ́ kúrò. Ó ní kò ṣeé yọ, wọ́n ti kọ ọ́, títí ayé ló máa wà níbẹ̀. Mi ò dáhùn ìkíni rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ṣé ó tiẹ̀ mú àwọn ẹni tuntun dúró? Lọ́jọ́ kejì tí Lásún wọlé, àwọn tó lágbára ló bá pàdé. Wọ́n nà án títí, wọ́n ní kó lọ ra káàdì tó dáa. Ó pa á tì. Mo bi í pé ṣé kò ní padà ni. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ ṣe. Ó ní nídìí dírááfù tí àwọn ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, bí òun ò bá yọjú, wọ́n á bú òun, wọ́n á ní òun ti sá, wọ́n á sì rán ènìyàn wá wò bóyá ara òun ni ò yá. Ó ní níbi yẹn, òun lọ, òun bọ̀, ẹnì kan ò béèrè òun. Àwọn ọ̀gá Wálé pín ẹ̀bùn. Àwọn èèyàn gba ẹ̀bùn, wọ́n lọ. Púpọ̀ wọn rò pé owó káàdì á lọ sókè. Nígbà tí kò lọ sókè, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá tí inú àwọn ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Wọ́n ní ẹni tuntun ti ń wọlé láràárọ̀ báyìí, bí wọ́n bá sì dé ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́, wọn kì í nà án, wọ́n kàn ń wò ó ni. Wọ́n ní ojú àgbà ló ń fa èèyàn, kí Wálé lọ wá ìyá mìíràn sí i. Ìdí tó fi pè yín nìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi yín ṣe oúnjẹ ìwọ̀ ni.

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyí tí Wálé fi gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ló dé, kó máa kọ ọ́. Ó wá ní Bàbá, kò sí ẹni tuntun kankan. Ó ní òun ni.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí. Ó ní ẹni tuntun nìkan ni ìyá òun ń jáde sí, bí ọjọ́ kan bá ti kọjá, èèyàn ò ní rí i mọ́. Nítorí náà, láràárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́, òun á fi orúkọ mìíràn wọlé bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ìyá òun á jáde. Géèmù á ní kí òun nà án, òun ò ní nà án. Wọ́n á máa wo ara wọn títí ó fi máa tó àkókò tí òun á wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo àwọn tí ọ̀gá rẹ̀ ń kà sí èrò, òun nìkan ni. Nígbà tí wọ́n sì ní kó wá ìyá mìíràn, kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún wọn.

Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbí. Ó ní bí wọ́n bá kà á, iṣẹ́ òun á bọ́. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Inú ṣì ń bí mi sí i, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo ní kó ṣe é kí n rí i. Ó fi orúkọ mi wọlé. Àṣàkẹ́ jáde, ó dúró, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Kò mọ̀ mí. Wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, Wálé ní wọ́n ń sọ pé kí n nà án. Mo gbé fóònù náà dání títí bátìrì rẹ̀ fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ má fi fọ́tò yín ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi yín síbẹ̀, tí ẹ sì ṣáájú mi lọ, èmi àgbàlagbà yìí náà á máa fi orúkọ tuntun di àlejò yín láràárọ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gbọ́ ikú yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Wálé ní kí n bá òun kí yín. Mo ní kó kí yín fúnra rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín, tó tún jẹ́ ọmọ yín,
Bàbá Wálé,
Àgùdà, Sùúrùlérè.