Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Wo Ọwọ́ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni wàá bá níbẹ̀. Àwa níbí, ara wa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí nítorí ìka mi ò gba bírò mọ́, ó sì ti ń fajú ro kí n tó la ẹnu, bí ẹni pé mo ní kó lọ fọ́ òkúta.

Ọ̀rọ̀ owó ìjọba yẹn ni. Wọ́n ní àwọn ò fún mi.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa. Èmi rò pé owó ọṣẹ ni. Ìgbà tí ọwọ́ mi kọṣẹ́, tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ni awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òkè wa, là mí lóye. Ó ní owó náà ò sọnù, pé ẹni tó bá dàgbà á gba tirẹ̀ lórúkọ ìfẹ̀yìntì, ẹni tí ara ẹ̀ bá kọ iṣẹ́ kó tó dàgbà á gba ti àìlera. Ó ní tí mo bá wá pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, wọ́n á kàn yí orúkọ owó náà padà ni, wọn ò ní pè mí ní aláìlera mọ́, àgbàlagbà ni wọ́n á máa pè mí. Mo bi í pé ṣé ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi á wá san? Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má da òun láàmú, bí wọ́n ṣe ṣe é lòun ṣe sọ ọ́.

A kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ránṣẹ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá wò mí nílé. Ọmọ mi, àlejò ìjọba! Ṣé kó wá bá ilé nínú ìdọ̀tí ni? Mo sọ kọ́tìnì kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ títí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ìrora yẹn, ká má sọ ọ́.

Obìnrin náà dé, ọmọ jẹ́jẹ́, ó fi gíláàsì sójú. Ó ní Màmá, ara ńkọ́? Mo ní ara le, a dúpẹ́. Kí ni kí n tún sọ? Ẹni tó kí mi nínú ilé mi, ṣé àìsàn ni kí n fi dá a lóhùn? Àga kan ṣoṣo ló dáa nílé, mo dìde, mo gbé e fún un. Ó ní kí n jókòó, mo ní rárá o, àlejò kì í dúró. Ó yin kọ́tìnì, ó ní ta ló fọ̀ ọ́. Mo ní èmi ni, ta ni ì bá tún bá mi fọ̀ ọ́? Gbogbo ẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, inú mi sì ń dùn. Mo bá a gbé báàgì ẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Èsì dé, wọ́n ní mo lè dìde, mo lè gbé ẹrù, mo lè fọṣọ, ẹnu ara mi ni mo sì fi sọ pé ara mi le. Awakọ̀ òkè kà á tán, ó wò mí, ó ní ìwọ obìnrin yìí, o sin àlejò rẹ, o sì di oúnjẹ ẹnu rẹ sí i nínú báàgì.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àbúrò yín ni o. Màmá wọlé lọ, wọn ò mọ̀ pé mo ń kọ èyí. Ó rẹ̀ mí. Èmi ni mo ń bá wọn de bọ́tìnì láràárọ̀, mo ń pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà ní ọ̀lẹ ni mí. Ife á já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní ife ló ń yọ̀. Wọ́n máa ń bí mi nínú, tí mo bá wá bínú tán, ẹkún ni. Ẹ má sọ pé mo sọ ọ́ o.

Mo ti padà dé. Mo ní kí ló kọ tó gùn tó báyìí, ó ní òun ń tún lẹ́tà ṣe ni.

Awakọ̀ ní a lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, pé màá jókòó níwájú èèyàn mẹ́ta, kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí ọwọ́ mi ò lè ṣe. Èmi àti àbúrò rẹ ti ń fi dánra wò. Òun ló ń ṣe adájọ́, ojú líle yẹn sì yẹ ẹ́. Á ní ṣé mo lè fún aṣọ? Màá ní n ò lè fún un. Kí n tó pa ẹnu dé, mo ti tún fi kún un pé ṣùgbọ́n á dáa, lágbára Ọlọ́run. Á ju bírò sílẹ̀, á ní Màmá, ẹ ti tún ba ẹjọ́ jẹ́!

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ó dáa, ẹnu mi ò mọ ọ̀nà míì.

Jọ̀wọ́, bá mi wá nǹkan díẹ̀ fún oògùn ìpara àti owó ọkọ̀. Àmọ́ ju owó lọ, ìwọ fúnra rẹ wá. Wá jókòó tì mí lọ́jọ́ ẹjọ́ náà. Mo bẹ̀ ọ́, tí o bá dé, má bi mí níwájú wọn pé ara ńkọ́. Kàn di ọwọ́ mi mú, kí wọ́n rí i pé tèmi ò lè di tìrẹ mú.

Ọwọ́ tìrẹ ò ní kọṣẹ́. Ohun tí o bá nawọ́ sí, wàá rí i mú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.