Oòrùn Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Ń Tọ́jú Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín ò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyàwó ilé kan ní Ìgbòho ni mí.

Oríkèé ń ro mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì sì pọ́n bí epo. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ló wọ inú egungun mi. Láràárọ̀, wọ́n á fi òrí ra orúnkún mi, wọ́n á mú mi jókòó sórí àpáta tí a ń sá gbodo sí, kí oòrùn lè yọ òtútù náà. Ṣùgbọ́n ṣe ni ara mi ń burú sí i.

Háà! Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, dókítà ní àìsàn lúpọ́ọ̀sì ni, pé ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, oòrùn ló sì ń koná mọ́ ọn! Ó ní kí n lo oògùn, kí n máa bora, kí n jókòó sí ibòji. Ẹnu mi ò tíì padé.

Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún ẹni tó fẹ́ràn mi tó báyìí pé ìtọ́jú wọn ló ń pa mí lára? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Olóòtú, ìyá ọkọ mi kì í fi ètò yín ṣeré rárá. Bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ̀gbẹ́ rédíò ni wọ́n wà, tí wọ́n ń bẹ iṣu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, kí ọ̀bẹ má gé wọn lọ́wọ́.