Ìdì Àgbàdo Tí Ọ̀gá Rẹ Kò Dá Padà

                                        Ilé Olùkọ́ Cyprien,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ifangni, Dahomey.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1971.

Séraphin, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Scholastique ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ ọjọ́sí ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ooru o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ara tèmi le, àfi orúnkún tí ó ń rán mi létí lójoojúmọ́ pé mo ti fẹ̀yìntì. Odile ìyàwó mi ní òun kí yín. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ.

Ọ̀gá rẹ wá sí Ifangni lánàá. Augustin Ifáṣínà, ọmọ tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó tó lè kọ lẹ́tà A, onímọ̀ àbùdá, ẹni tí ó mọ ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe àgbàdo. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe olórí yunifásítì yín, a ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Monsieur le Recteur ni. Lọ́sàn-án gangan, ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọ̀mọ̀wé, òógùn bò ó bí ẹni tí ó ṣubú sódò. Ó fi Faransé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àwọn àgbẹ̀ tó wá láti abúlé Ko-Koumolou ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ. Ìgbà tí katikíìsì, olùkọ́ni ìjọ wa, túmọ̀ rẹ̀ pé Recteur ti gba àgbàdo wa là ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀.

O rántí Ìyá Àṣàbí, tí àgbàdo funfun rẹ̀ máa ń gbó kí ebi oṣù kẹfà tó wọlé. Lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti bá irúgbìn yẹn. Òkè ààrò ló ń so ó kọ́, nínú èéfín, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá ní a wá gba ìdì kan, bó bá kórè a dá ìdì kan padà. A kì í tà á. Nígbà tí Augustin ṣì ń mú ìwé kékeré lọ́wọ́ kiri oko, oṣù mẹ́ta ló fi jẹun nílé ìyá yìí, ó sì gba ìdì kan lọ. Ó wá gbé àgbàdo tuntun dé, ó ní kí a da ti àtijọ́ nù. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi ni mo lọ rọ Ìyá Àṣàbí pé kí ó se irúgbìn rẹ̀ jẹ. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ mi kò lè parọ́.

Ọdún kìíní, àgbàdo tuntun náà tóbi bí apá ọkùnrin. A so èyí tó dára jù kọ́ òkè ààrò, bí a ṣe ń ṣe. Ọdún kejì, òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn kò yọmọ rárá.

Ìyá Àṣàbí dìde lánàá, ó yọ àgbàdo méjì jáde, ọmọ orí wọn fọ́nká bí eyín arúgbó.

“Augustin, ọmọ mi, wo ọmọ àgbàdo rẹ. Ta ló jọ?”

“Màmá, c'est normal, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ àgbàdo yẹn kì í jọ ìyá rẹ̀. Ọdọọdún lẹ ó máa ra irúgbìn tuntun.”

“Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ò ń pín in?”

“Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Séraphin, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé ọjọ́ Sátidé ni. Onímọ̀ ohun tí ọmọ ń jogún, kò jogún ìtìjú lọ́dọ̀ ẹnì kankan!

Ìyá ní ó dáa, kí ó dá ìdì òun padà. Augustin ní ìgò ni irúgbìn náà wà, ó ti gba nọ́ńbà, ohun-ìní yunifásítì ni. Kí Màmá kọ̀wé béèrè, ní Faransé, ẹ̀dà mẹ́ta.

“Nígbà tí o gbà á lọ́wọ́ mi, tí o tún jẹ ẹ̀bà mi lé e, ẹ̀dà mélòó lo kọ?”

Ariwo sọ. Augustin wọ mọ́tò rẹ̀, ẹnì kan ò sìn ín. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, o mọ ìyókù. Ìwé ìdúpẹ́ tí wọ́n ní kí n kà wà lápò mi, n kò yọ ọ́. Odile fi dáná láàárọ̀ yìí.

Ìwọ ni o ń tọ́jú yàrá tí yunifásítì ń kó irúgbìn sí. Mo ti kọ ẹ̀dà mẹ́ta náà, Faransé tó dán bí orí Augustin fúnra rẹ̀. Wọ́n wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbé wọn síwájú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò fèsì, òjò àkọ́rọ̀ kò ní dúró de ìbuwọ́lù. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìgò náà wá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni mo fi ń wewu, mo sì bẹ̀ ọ́. Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹfun ìkọ̀wé kan ṣoṣo, mo mọ ohun tí à ń pè ní olè, èyí kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ní èmi ni mo rán ọ. Bí kò bá sì sẹ́ni tó bi ọ́, ọ̀gá rẹ ti kọ́ wa ní ohun tí à ń ṣe.

Bá mi kí Scholastique, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìyá Àṣàbí náà kí ọ. Ó ti so okùn tuntun kọ́ òkè ààrò rẹ̀. Kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń retí rẹ,
                                        Cyprien.