Ọfà Tí Ẹ Yà Sínú Ìwé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa bínú sí òkú, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹ ń tún ṣe títí tí ẹ fi lọ, ló dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn àgbà fẹ́ gbé e dànù. Mo fọ́nnu fún wọn pé yóò sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú tí a máa ṣe ìrántí yín. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Dáyódù mẹ́rin inú rẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ti jó dúdú, ìlà funfun tó máa ń wà létí wọn láti sọ bí a ó ṣe tò wọ́n ò hàn mọ́. Mo ṣí ìwé tí ẹ máa ń ya àwòrán iṣẹ́ yín sí, mo rí i pé ẹ ya ọfà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ra tuntun, mo kọjú ìlà funfun wọn síbi tí ẹnu ọfà kọjú sí, mo fi òjé jó wọn mọ́ ọn, mo tanná. Kapásítọ̀, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, bú gbàù lórí tábìlì ilé ìdáná. Màmá ń wúkọ́, gbogbo ilé wa ní Becontree ń rùn. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún tanná, ó tún bú.

Olùkọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọfà tí wọ́n fi ń kọ́ wa ń ti ọ̀dọ̀ pọ́sítífù lọ sí nẹ́gétífù, ó sì ń kọjú sí ìlà funfun. Ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn èérún tín-tìn-tín tó ń gbé iná rìn, ń gbà gan-an ni ọfà tiyín ń tọ́ka sí, òdìkejì pátápátá. Ẹ ò ṣe àṣìṣe rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i? Kí ló dé tí ẹ máa ń gba irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé lọ́wọ́ mi, tí ẹ ó ní, "Dúró, máa wò mí"? Mo wò yín títí, kí ni mo mọ̀?

Lánàá mo yí dáyódù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo fi kapásítọ̀ mìíràn sí i, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Becontree Heath. Ẹ rántí pé ẹ kì í kí máíkì ní hẹ́lò. Orúkọ mi lẹ máa ń pè, ẹ ó bi mí bóyá mò ń gbọ́, èmi tí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn á nawọ́ sókè. Mo di máíkì mú.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́?"

Ohùn mi jáde ketekete. Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó nawọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bínú, tó sì fẹ́ràn yín dọ́ba.