Ọdẹ Méjì Nínú Ọjà Ìkòtún

Mọ́mì mi,

Àná ló tó yé mi ìdí tí ọjà Ìkòtún fi ní ọdẹ méjì: Dádì ń ṣọ́ ọjà, Jàfárù ń ṣọ́ Dádì. Àwọn ọlọ́jà kàn ń pe Dádì ní ọdẹ kí ojú má bàa ti Dádì ni.

Ògógóro ni, Mọ́mì. Inú ìsọ̀ ni Dádì ń sùn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí yàrá tí mo gbà ní Ìdímù nígbà tí mo ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọn ò gbà. Àtùpà wọn ti jó ìsọ̀ kan. Ìjọba ń fi owó epo kọ́ afárá, àmọ́ àwọn alátà ló ń dáwó fún Jàfárù kó lè máa ṣọ́ Dádì.

Ìyá Ràbíátù, olórí wọn, ní, "Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, bàbá rẹ ò burú, àmọ́ ó ti rẹ̀ wá jàre. Lóṣù tó ń bọ̀, Jàfárù ò ní wá mọ́."

Ara Dádì le ṣá. Orúkọ yín ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fipá mú wọn wálé ni, àbí kí èmi náà lọ máa sùn nínú ìsọ̀?