Ọkùnrin Tó Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojúewé yìí, ẹ gbà mí o, ẹ má wò mí níran. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Lagos Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ni mò ń jáde, alẹ́ ni mò ń wọlé, ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ṣì ń gbé. Wọ́n ti tàn mí jẹ... kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan ló tàn mí, èyí tó dùn mí jù nìyẹn, ẹ ó gbọ́ ọ. Inú café ni mo ti ń tẹ èyí, torí Saturday tó ń bọ̀ yìí ni introduction mi, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n jókòó síbẹ̀ tàbí kí n sá kúrò nílùú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá mi. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ka ìkíni sí ju oúnjẹ lọ. Bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ fẹ́ mi, wá kí wa nílé nígbà kan, ó na ọwọ́ sí màmá mi pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó tún wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀. Yéè! Màmá mi ò bá a jà o, wọ́n kàn bi í bóyá ó mọ ọ̀nà tó gbà wọlé, wọ́n ní ibẹ̀ náà ni kó gbà jáde. Bí èmi náà ṣe gbàgbé ẹ̀ nìyẹn... àbí kí n máa bá ìyá mi jà nítorí ọkùnrin?

Ìgbà tí Jídé wá dé (kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn), òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ẹrọ̀fọ̀ kún iwájú ilé wa, gínì funfun ló wọ̀. Bí màmá mi ṣe yọjú báyìí, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀! Àyà, ikùn, gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀. Màmá mi ní kó dìde, kó dìde, ó ṣì ń kí wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò rí i. Láti ọjọ́ yẹn, ó parí. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú atẹ́gùn, kò sí èyí tí kò mọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba nǹkan, òun ló ń sáré gba báàgì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Èmi náà, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi, apá ibi tí mọ́tò ń gbà ló máa ń rìn kí ọ̀kadà má baà gbá mi. Níbo lẹ ti tún fẹ́ rí gentleman bẹ́ẹ̀ láyé GSM yìí, tó jẹ́ pé flash lásán làwọn ọkùnrin fi ń wá ìyàwó? Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò ní í purọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú, tí n bá ti ní kó mú mi lọ kí màmá ẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà, ọ̀nà ò dáa, màmá ti lọ sí Àgbọ̀wá, màmá ò gbádùn. Nígbà tó yá ó ní àìsàn náà ti le sí i. Háà! Ìyá ọkọ mi lọ́la ń ṣàìsàn, kí n jókòó sí Ìkòròdú kí n máa jẹun? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ra mílíìkì, búrẹ́dì àti ọsàn, mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Saturday kan. Mo mọ̀ pé káfíńtà tó lókìkí ni bàbá ẹ̀ kí wọ́n tó kú, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi júwe ilé fún mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi... obìnrin kan ló jáde sí mi, oyún ńlá wà níkùn ẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan rọ̀ mọ́ ìró ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Pẹ̀lú oyún yẹn o, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní Jídé ni mò ń béèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní daddy ọmọ òun ò sí nílé, wọ́n wà níbi iṣẹ́ ní Ìkòròdú, ó ní àbí èmi ni Àǹtí tí wọ́n máa ń sọ, Àǹtí tó mú ọkọ òun bí àbúrò, tí màmá wọn máa ń gbà á sílé tílẹ̀ bá ṣú... Ibi tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an rèé: mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀! Báwo lèèyàn ṣe ń jágbe mọ́ ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Ó gbé omi wá, ó gbé ẹ̀bà àti ẹja tútù wá, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́! Mo tún ń sọ pé ọbẹ̀ yìí mà dùn o. Ìyá Jídé náà jáde, ara wọn le koko, kò sí àìsàn kankan, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fún èmi náà ní ọkọ rere. Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo ń lọ, ìyàwó gba nọ́ńbà mi kó lè máa kí mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màmá mi, ẹkún ni mo fi ro gbogbo ẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò dáwọ́ dúró. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè, ẹ̀wà ni wọ́n ṣáà ń ṣà... ìgbà yẹn lara fu mí. Mo bi wọ́n, wọ́n sì jẹ́wọ́... wọ́n ti mọ̀! Jídé ti wá bá wọn láti bí oṣù mélòó kan, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní í dìde àfi tí wọ́n bá dárí ji òun, ó ní ẹbí ló fipá fẹ́ obìnrin yẹn fún òun. Màmá mi sì dárí jì í. Wọ́n ní ọkùnrin tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ sàn ju olóòótọ́ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lọ. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣa ọkọ. Màmá mi o, ìyá ìjọ! Wọ́n ń wo ojú mi lójoojúmọ́, wọ́n ń bá mi yan aṣọ, wọn ò sọ. Bí ikú ilé ò pa ni, tòde ò lè pa ni... mo ti ń gbọ́ òwe yìí tipẹ́, mi ò mọ̀ pé tèmi ni.

Lọ́jọ́ kejì, Jídé dé. Màmá mi ti pè é, wọ́n sì ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó wá jókòó tì wá. Kí n tó la ẹnu, ó ti wà nílẹ̀. Mo ní kó dìde, kó wá dáhùn ohun tí mo bá lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pariwo mọ́ mi, wọ́n ní ọkùnrin wà nílẹ̀, èmi wà ní ìdúró, mo ń bi í ní ìbéèrè, ṣé orí mi pé? Wọ́n ní introduction ò ní í yẹ̀. Ẹ wò ó, òun tó purọ́ di ọmọlúàbí, èmi tí wọ́n purọ́ fún di aláìlẹ́kọ̀ọ́! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kí wá ni ìwúlò ẹ̀kọ́ ilé o? Mi ò ní kéèyàn má kí àgbà, kò sí ẹ̀tàn nínú ìkúnlẹ̀ obìnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ó bímọ ní Saturday tó kọjá, ọkùnrin. Òun ló fúnra ẹ̀ pè mí lánàá. Saturday yìí ni ìsọmọlórúkọ, Jídé sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ Ìkòròdú ò ní í jẹ́ kí òun lè wá, kí àwọn àgbà ilé máa ṣe é. Ó ń sunkún. Ó ní kí èmi Àǹtí bá òun bẹ̀ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń bọ̀wọ̀ fún tó èmi àti màmá mi. Ó ní òun wà lórí ìkúnlẹ̀ bí òun ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Mo ní kó dìde, kó lọ sinmi, mo ní mà á bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣé èèyàn lè sọ irú òótọ́ yìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Àbí kí n jókòó ní Ìkòròdú ní Saturday, kí bàbá ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí mi, kí wọ́n máa sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ lẹ́yìn ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́? Tó bá tún pè mí, tó ní Àǹtí, kí lọkọ mi wí... kí ni kí n sọ fún un?